Pípààrọ̀ lámpù inú áńpílì gìtá aládàpọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú ewé yìí wà fún àwọn tó ń ta gìtá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká, tí áńpílì aládàpọ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Lámpù ni mo máa pe ohun tí a fẹ́ pààrọ̀ látòkè délẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ń gbọ́ Faransé ṣe ń pè é. Àwọn ará wa ní ìhà Nàìjíríà máa ń pè é ní fáàfù tàbí túùbù. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ orin ṣe ní Àjàṣẹ́ ni mo kó jọ síhìn-ín.

Kí ni ń jẹ́ áńpílì aládàpọ̀, kí sì ni lámpù ń ṣe nínú rẹ̀?

Iná tí gìtá ń rán jáde gba inú okùn kéré gan-an, kò tó ohun tó lè mi sípíkà, nítorí náà ipele méjì ni áńpílì fi ń sọ ọ́ di ńlá. Ipele àkọ́kọ́ ló ń gbà á lẹ́nu okùn, tó ń gbé e sókè díẹ̀, tó sì ń fún un ní àwọ̀. Ibẹ̀ ni bọ́tìnnì géènì, báàsì àti tírébù ti ń ṣiṣẹ́. Ipele kejì kò bìkítà fún àwọ̀, agbára ló ń fi kún un títí yóò fi lè ti sípíkà. Nínú áńpílì aládàpọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, lámpù kékeré kan tàbí méjì ló wà ní ipele àkọ́kọ́, tìràńsísítọ̀ ló sì ń ṣe iṣẹ́ ipele kejì. Irú èyí ni àwọn Valvestate tí Marshall bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1991, tí lámpù ECC83 kan ṣoṣo wà nínú púpọ̀ nínú wọn.

Àwọn kan wà tó jẹ́ òdìkejì èyí: àwọn áńpílì Music Man ti àwọn ọdún 1970 fi tìràńsísítọ̀ síwájú, wọ́n sì fi lámpù ńlá sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ ní, ẹ má ṣe fi ohun tí mo kọ síhìn-ín ṣe é, nítorí pé lámpù agbára ní ìwọ̀n ìṣàn iná tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, kí a sì tún un ṣe lẹ́yìn pípààrọ̀, ọwọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ló sì yẹ kó dé ibẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé lámpù ló ní àrùn?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú kí ẹ tó ná owó sẹ́fà kankan, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bi mí léèrè lámpù ni kò nílò lámpù rárá. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan gbé áńpílì wọn wá láti Kétu nígbà kan. Wọ́n ti pààrọ̀ lámpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù díẹ̀, síbẹ̀ ohùn ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé lẹ́ẹ̀dì ìjórin tó de ihò okùn gìtá mọ́ pátákó inú rẹ̀ ló ti là, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ áńpílì, orí ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń fẹ́ bẹ́.

Láti ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi okùn mìíràn àti gìtá mìíràn dán an wò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń yí bọ́tìnnì kan nìkan ló ń ta pàrà, ìdọ̀tí ló wà nínú bọ́tìnnì yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn áńpílì bóyá ihò méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ «Send» àti «Return» sí. Bí wọ́n bá wà, ẹ dín fọ́lúùmù kù, ẹ yọ okùn gìtá kúrò níwájú, kí ẹ sì kì í bọ «Return». Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn áńpílì, ipele kejì nìkan ni ìró yóò gbà kọjá báyìí. Bí ohùn bá jáde láìní àléébù, bó tilẹ̀ fẹ́lẹ́ tí kò sì dùn létí, ipele agbára yè, inú ipele àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa wá àrùn náà. Ṣùgbọ́n bí ohùn kankan kò bá jáde, tàbí bí ìró burúkú náà bá ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe gidigidi kí lámpù má mọwọ́ kó má mẹsẹ̀.

Bí áńpílì yín bá ní ìkànnì ohùn méjì, ẹ tún fetí sí méjèèjì. Nínú àwọn áńpílì aládàpọ̀ kan, ohùn gbígbóná (èyí tó ń ya) nìkan ló ń gba ara lámpù kọjá, ohùn mímọ́ (èyí tí kò ya) ń gba ara tìràńsísítọ̀ lọ. Nínú irú wọn, bí ohùn mímọ́ bá dára, tí ti gbígbóná sì ti di ẹlẹ́gẹ́ tàbí tó ń hó ṣíì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí ọ̀dọ̀ lámpù.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn ni ti pẹ́ńsù. Bí ẹ bá lè rí dígí lámpù láti ẹ̀yìn láìtú ohunkóhun, ẹ tan áńpílì, kí ẹ fi pẹ́ńsù onígi kan dígí náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Kò burú bí ẹ bá gbọ́ ìró kékeré kan nínú sípíkà. Bó bá ń dún bí agogo, tàbí tó ń han fee tí kò fẹ́ dákẹ́, àwọn irin inú lámpù ti dẹ̀, ó sì ti di ohun tó ń gbọ́ ìmìtìtì bí ẹni pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni. Irú lámpù bẹ́ẹ̀ kò dára fún áńpílì tí sípíkà àti ẹ̀rọ jọ wà nínú àpótí kan, nítorí sípíkà fúnra rẹ̀ ni yóò máa mì í. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tú áńpílì kí ẹ tó rí lámpù, ẹ fi àyẹ̀wò yìí sílẹ̀.

Lámpù mi ń tàn pupa. Ṣé ó yè nìyẹn?

Kò fi dandan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iná pupa tí ẹ ń rí jẹ́ ti okùn agbóná tó wà nísàlẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa bí lámpù ṣe ń gbé ohùn sókè. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kan a máa fi gílóòbù LED kékeré sísàlẹ̀ lámpù kí ó lè máa tàn dáadáa lójú ẹni tó ń rà á, bí lámpù tilẹ̀ kú, ìmọ́lẹ̀ kò ní kú.

Bí lámpù kò bá tàn, tí dígí rẹ̀ sì tutù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, okùn agbóná ti já tàbí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ fi mítà wọn àárín ẹsẹ̀ 4 àti ẹsẹ̀ 5 nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá já pátápátá láàárín wọn, lámpù ti kú. Ẹ tún wo òkè dígí: àwọ̀ dúdú dídán bíi fàdákà tó wà níbẹ̀ ló ń gba afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́kù mọ́ra. Bó bá ti di funfun bí ẹfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, kò sí àtúnṣe fún un.

Nọ́ńbà wo ni kí n rà?

Nọ́ńbà tó wà lára èyí tí ẹ yọ ni kí ẹ rà, tàbí èyí tí wọ́n kọ sínú áńpílì. Nínú èyí tó pọ̀ jù, 12AX7 ni. Ilé-iṣẹ́ RCA ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1947, ECC83 sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Yúróòpù. Bí ẹ bá rí 7025, òun náà ni, èyí tí wọ́n ṣe kí ariwo rẹ̀ kéré. Nínú orúkọ ti Yúróòpù, E dúró fún okùn agbóná fóltì 6.3, C kọ̀ọ̀kan dúró fún lámpù oní-ẹ̀yà-mẹ́ta kan, ìyẹn ni pé méjì ló wà nínú dígí kan ṣoṣo, 8 sì dúró fún ìdí kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kátódù tó gbóná ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde lọ sọ́dọ̀ ánódù, àwọ̀n kan sì wà láàárín wọn tó ń dí ọ̀nà tàbí tó ń là á. Ìró gìtá ló ń ti àwọ̀n yìí, nítorí náà ìtì kékeré ń di ìṣàn ńlá. Ìwọ̀n agbára ìgbésókè 12AX7 jẹ́ 100.

Ìdẹkùn kan wà níhìn-ín. Okùn agbóná 12AX7 pín sí méjì, àárín rẹ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ 9. Ẹni tó ṣe áńpílì lè fún ẹsẹ̀ 4 àti 5 ní fóltì 12.6, yóò gba míllíáńpíà 150. Ó sì lè so 4 pọ̀ mọ́ 5, kí ó fún òun àti 9 ní fóltì 6.3, yóò gba míllíáńpíà 300. Lámpù 6N2P ti ilẹ̀ Sófíẹ́tì ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, ó ń gbé ohùn sókè tó 12AX7, ó sì wọ ihò kan náà wẹ́kú. Ṣùgbọ́n fóltì 6.3 ni okùn agbóná tirẹ̀ ń fẹ́ láàárín 4 àti 5, ẹsẹ̀ 9 rẹ̀ kò sì kan okùn agbóná rárá. Bí ẹ bá kì í bọ ibi tí a ti so 4 mọ́ 5, kò ní tàn; bí ẹ bá kì í bọ ibi tí fóltì 12.6 wà, ìlọ́po méjì ohun tó lè gbà ni yóò gbà. Irú ìdẹkùn kan náà ló wà lára ECC88.

Baba mi ní rédíò onílámpù àtijọ́ kan. Ṣé mo lè yọ lámpù rẹ̀ lò?

Àfi bí wọ́n bá kọ ECC83 tàbí 12AX7 sára rẹ̀. ECC85, EABC80, EL84 àti ECL82 wọ́pọ̀ nínú àwọn rédíò wọ̀nyẹn, gbogbo wọn ló ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, kò sì sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ 12AX7 nínú wọn. Ẹ fi rédíò Baba sílẹ̀ kó máa kọrin tirẹ̀.

Áńpílì ìjọ wa gbóná jù, ó ń ya ohùn kí a tó gbé e sókè. Ṣé lámpù mìíràn lè rọ̀ ọ́ lóhùn?

Ó lè ṣe é. Lámpù 5751 ní ìwọ̀n ìgbésókè 70, 12AT7 ní 60, 12AY7 ní nǹkan bíi 44, 12AU7 sì ní nǹkan bíi 20. Ètò ẹsẹ̀ àti okùn agbóná gbogbo wọn bá ti 12AX7 mu. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn rọ̀ díẹ̀ kí ó má sì yàtọ̀ jù, 5751 ni mo máa ń dámọ̀ràn. 12AU7 máa ń mú kí ìkànnì ohùn gbígbóná sọ agbára rẹ̀ nù pátápátá, ẹni tó ń ta gìtá aṣáájú kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní tèmi, yíyí bọ́tìnnì géènì sílẹ̀ kò gba owó, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ṣé ewu wà nínú títú u?

Ewu wà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nítorí pé ó jẹ́ aládàpọ̀, iná inú rẹ̀ kéré. Òótọ́ ni pé àwọn kan kì í fún lámpù wọn ju ìwọ̀nba fóltì díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń fún un ní fóltì 200 sí 300, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn láti ìta. Yàtọ̀ sí èyí, fóltì 220 tó ń ti ògiri bọ̀ wọ inú àpótí náà, àwọn kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ sì lè di iná mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a ti pa á.

Ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri. Mi ò sọ pé kí ẹ pa bọ́tìnnì rẹ̀ nìkan, mi ò sì sọ pé kí ẹ dúró de ìgbà tí iná SBEE (ilé-iṣẹ́ mànàmáná wa) bá lọ. Iná tó lọ kì í ṣe iná tí a yọ. Mo mọ ẹnì kan tó tú áńpílì rẹ̀ nínú òkùnkùn nítorí pé kò sí iná ládùúgbò, tó fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, tí iná sì dé nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n àpá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Bí ìdí tí lámpù wà bá ṣeé dé láti ẹ̀yìn láìkan pátákó inú, ewu náà dín kù. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fa pátákó jáde, ẹ fi mítà wọn orí àwọn kàpásítọ̀ ńlá kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Bí fóltì tó ṣẹ́kù bá ju mẹ́wàá lọ, ẹ dúró sí i, tàbí kí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi rẹ̀sísítọ̀ tú iná inú wọn dànù. Ẹ má ṣe fi súkúdiráfà so ẹnu kàpásítọ̀ méjèèjì pọ̀ bí mo ṣe ń rí i tí àwọn kan ń ṣe. Ẹni tí kò bá ní mítà kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń tú áńpílì.

Báwo ni mo ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ gan-an?

Ẹ jẹ́ kí áńpílì sinmi fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, nítorí dígí lámpù máa ń gbóná. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò bí gbogbo nǹkan ṣe wà kí ẹ tó tú súkúrù àkọ́kọ́, kí ẹ sì da àwọn súkúrù sínú abọ́ kan. Bí agolo irin bá bo lámpù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ yí i sí òsì, yóò jáde. Bó bá jẹ́ wáyà ló dì í mú, ẹ rọra gbé e kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ di dígí mú ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣóńṣó tó wà lókè ni ibi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde kí wọ́n tó dí i, bó bá ṣẹ́, lámpù ti lọ nìyẹn. Ẹ fà á sókè tààrà, kí ẹ máa mì í ní òbírí kékeré bí ẹ ti ń fà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì nínú àwọn áńpílì òde òní, torí pé orí pátákó gan-an ni wọ́n jó ìdí lámpù mọ́. Bí ẹ bá ń tì í sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú agbára, lẹ́ẹ̀dì abẹ́ rẹ̀ yóò là, ẹ ó sì ti fi àrùn tuntun kún ti àtijọ́. Fún ìdí kan náà, bí ẹ bá ń ti tuntun wọlé, kí ìka yín kan gbé pátákó náà ró láti abẹ́ bí àyè bá gbà yín.

Àwọn ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án náà wà ní òbírí, àlàfo kan sì wà láàárín ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 9 tó fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ mú àlàfo ti lámpù bá ti ìdí rẹ̀ mu kí ẹ tó tì í. Bí ẹsẹ̀ kan bá tẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bí ìdí náà bá ti dọ̀tí tàbí tó ń dípẹtà, ẹ fín oògùn ìfọ̀nù tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ iná sí i, kí ẹ ki lámpù bọ̀ ọ́, kí ẹ yọ ọ́, ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Òróró ìka lára dígí kò ṣe lámpù yìí ní nǹkan kan.

Ẹ dá gbogbo nǹkan padà, ẹ yí fọ́lúùmù sí òdo, ẹ tan án, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan. Kò sí nǹkan kan láti ṣètò lẹ́yìn ìyẹn nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, nítorí pé lámpù kékeré yìí ń fi rẹ̀sísítọ̀ tó wà nídìí kátódù rẹ̀ ṣètò ara rẹ̀.

Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, ariwo náà kò lọ.

Ẹ dá lámpù àtijọ́ padà síbẹ̀. Bí ariwo náà bá jẹ́ bákan náà pẹ̀lú méjèèjì, kì í ṣe lámpù. Ìkùn tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ láìdáwọ́ dúró sábà máa ń jẹ́ ti kàpásítọ̀ tó ti gbó tàbí ti wáyà ilẹ̀ iná tí kò dára nínú ilé; ẹ gbé áńpílì lọ sí ilé mìíràn kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ wo ló dára jù?

Ní ọjà Wándò mo máa ń rí okùn àti jákì rà, lámpù ni mi ò tíì rí níbẹ̀, nítorí náà láti Èkó tàbí láti òkè òkun ni tiwa ti ń wá. Ẹ má ṣe sanwó gọbọi nítorí orúkọ ara páálí. Ilé-iṣẹ́ kan náà ní Saratov ní Rọ́ṣíà ló ń ṣe lámpù tí wọ́n ń tà ní orúkọ Sovtek, Electro-Harmonix, Tung-Sol àti Mullard. Mullard tuntun yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe ní Blackburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ JJ ń ṣe tirẹ̀ ní ìlú Čadca ní Slovakia, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń ṣe lámpù ní Ṣáínà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ títa ọjà Rọ́ṣíà sókè òkun dojú rú ní 2022, lámpù wọ́n, owó rẹ̀ sì gòkè. JJ ni mo máa ń rà fún áńpílì ìjọ, nítorí ó kúrú, ó sì ń fara da ìmìtìtì, ṣùgbọ́n ti ara mi nìyẹn.

Ṣé ohùn mi yóò yàtọ̀?

Bí ti àtijọ́ bá ti kú tàbí tó ti rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ kedere. Bí ti àtijọ́ bá yè, ìyàtọ̀ láàárín 12AX7 kan àti òmíràn nínú áńpílì aládàpọ̀ kéré débi pé sípíkà tuntun, tàbí okùn títa tuntun lára gìtá pàápàá, yóò ṣe jù ú lọ.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?

Lámpù ipele àkọ́kọ́ a máa lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Mi ò mọ ìdí tí àwọn kan fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún bí òróró mọ́tò. Ohun tó ń pa á lọ́dọ̀ wa ni ìrìn àjò lórí alùpùpù láìsí tìmùtìmù lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rinrin ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ tó ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dípẹtà, àti jẹnẹrétọ̀ tí fóltì rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní Kétu àti Ṣábẹ, eruku ọyẹ́ ló ń wọ inú ihò ìdí rẹ̀ jù; ẹ fi aṣọ bo áńpílì bí ẹ bá ti lò ó tán, kí ó sì ti tutù. Bí ẹbí bá fi áńpílì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ki í bọ ògiri, nítorí fóltì 120 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kò sì lè gba 220 láìsí tìràǹsífọ́mà.

Áńpílì mi kékeré, wọ́n ní Nutube ló wà nínú rẹ̀. Ṣé òun náà ṣeé pààrọ̀?

Nutube 6P1 jẹ́ lámpù pẹlẹbẹ tí Korg àti Noritake Itron kéde ní 2015, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe ojú nọ́ńbà tó ń tàn lára ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é, òun ló sì wà nínú Vox MV50. Wọ́n jó o mọ́ pátákó ni, kò ní ìdí tí a ń kì í bọ̀. Ẹ má ṣe fà á.

Kí ni kí n ṣe sí lámpù tí mo yọ?

Bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ sára bébà, ẹ fi bébà náà wé e, kí ẹ sì fi í sínú páálí ti tuntun. Lọ́jọ́ tí áńpílì bá dákẹ́ lójijì ní alẹ́ Sátidé tí ìsìn wà lówùúrọ̀, òun lẹ ó fi mọ̀ bóyá lámpù ni tàbí kì í ṣe lámpù. Bó bá ti fọ́ tàbí tó ti funfun lókè, ẹ fi bébà wé e dáadáa kí ẹ tó jù ú nù, nítorí àwọn ọmọdé máa ń ṣa nǹkan dídán lórí ààtàn, dígí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́.